Òkè, odò àti ìwé àjákọ kan: àyẹ̀wò ọdún mi

Owó tí ìwé kíkọ mú wọlé fún mi lọ́dún yìí kò tó ra àpò sìmẹ́ǹtì kan. Mo sọ ìyẹn síwájú kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí ìròyìn ẹ̀bùn àti àmì-ẹ̀yẹ. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, òun ló ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìwé àjákọ mi kún dé ẹ̀yìn páálí, ó sì ti pẹ́ gan-an tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀ ni mo pinnu pé mi ò ní jókòó sí yàrá kọ ewì nípa igi àti òkúta mọ́. Bí mo bá fẹ́ kọ nípa òkè, kí n gun òkè. Bó bá jẹ́ odò ni, kí ẹsẹ̀ mi dé etí rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín, torí orúnkún mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Ìyá mi tiẹ̀ béèrè bóyá ewì náà kò mọ ọ̀nà ilé ni, tí kò fi lè wá bá mi níbi tí mo wà.

Ibi tí mo ti jèrè jù ni òkè kan tó wà lẹ́yìn oko ẹ̀gbọ́n mi lápá Ìjùmú. Tí ẹ bá wò ó láti ìsàlẹ̀, àpáta dúdú lásán ni, tí omi òjò ti fa ìlà sí lára. Àmọ́ lókè pátápátá, ibì kan tẹ́jú, àwọn ihò sì wà lára òkúta níbẹ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Inú wọn dán. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ọwọ́ yín á yọ̀ lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú ọlọ ni wọ́n. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, omi dúró sínú wọn, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń lúwẹ̀ẹ́ kiri níbi tí ẹnìkan ti lọ ọkà bàbà rí. Àpáàdì fọ́nká sí gbogbo ibẹ̀, òmíràn ṣì ní ojú okùn lára, ibi tí amọ̀kòkò ti yí okùn lọ́ṣọ̀ọ́ kó tó sun ún.

Kò sẹ́ni tó máa kó ọmọ àti ẹrù gun irú òkè bẹ́ẹ̀ nítorí atẹ́gùn. Ogun Tápà ló lé wọn gun ibẹ̀ láyé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Bídà, olú-ìlú àwọn Tápà, ń wọ ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá agbègbè Kàbà yìí, wá kó èèyàn lẹ́rú. Orí ẹṣin ni agbára wọn wà, ẹṣin ò sì lè gun àpáta. Ìyá àgbà kan tó ń ṣa kaṣú nítòsí oko ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ibi ìgbafẹ́ lo pe ibí yìí? Ohun tí ìyá tó bí ìyá mi sọ ni pé òùngbẹ ni wọ́n bá jà jù lókè yìí. Tápà á wá, Tápà á lọ. Òùngbẹ ò lọ."

Mo jókòó lórí ọ̀rọ̀ yẹn di ìrọ̀lẹ́. Ewì tó jáde níbẹ̀ kò ní labalábá kankan nínú. Omi ló wà nínú rẹ̀: ta ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ pọn ọ́n lóru, ta ló ń ka ìgbà tí wọ́n ti lọ, kí ni wọ́n fi pa ọmọ tó ń ké lẹ́nu mọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ lọ́dún yìí, òun nìkan ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Èrò mi rèé, ẹni tí kò bá gbà kó bá mi jiyàn. Nílẹ̀ wa níbí, a kò lè máa kọ nípa òkè bí ẹni ń ṣàpèjúwe àwòrán kàlẹ́ńdà. Gbogbo òkè tó rẹwà lójú wa yìí, èèyàn ti sá pamọ́ sí púpọ̀ nínú wọn. Ewì tó bá yin àpáta tí kò sì rí ojú ọlọ tó wà lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni akéwì náà dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá lórí Ògìdì, torí ọ̀pọ̀ yín ló mọ ibẹ̀. Ìlú Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ, ni, òkè yí i ká, aṣọ híhun àti aró sì wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba ohun tí mo rí kọ níbẹ̀ kò ju orúkọ àwọ̀ lọ.

Lọ́kọ́ja ló gba ọ̀pọ̀ ojú ìwé. Mo gun Òkè Patti láti wo ibi tí Odò Ọya àti Benue ti pàdé. Òótọ́ ni wọ́n sọ, omi méjèèjì kì í yára dàpọ̀; wọ́n á kọ́kọ́ máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan pọ́n ju èkejì lọ. Igi oṣè ńlá wà lókè níbẹ̀, ilé ìsinmi Lugard, aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láyé amúnisìn, náà wà níbẹ̀. Afinimọ̀nà wa sì sọ ìtàn tí gbogbo èèyàn ń sọ, pé ibẹ̀ ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí, tó ń wo odò, tó fi sọ orílẹ̀-èdè yìí ní Nàìjíríà.

Ìtàn náà dùn, àmọ́ àwọn ọdún inú rẹ̀ kò bára mu. 8 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1897 ni àpilẹ̀kọ tí obìnrin náà fi dábàá orúkọ yẹn jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1900 ni Lugard tó gba àkóso ní Lọ́kọ́ja, 1902 ni òun àti Flora Shaw sì tó ṣègbéyàwó. Mi ò bá afinimọ̀nà jiyàn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1897 yẹn gan-an ni Goldie, ọ̀gá Royal Niger Company, iléeṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso etí odò Ọya nígbà náà, kó àwọn ọmọ ogun iléeṣẹ́ náà jáde láti Lọ́kọ́ja, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá sí Kàbà láti kojú ogun Tápà tó pàgọ́ síbí. Kí wọ́n tó dé, àwọn Tápà ti kó kúrò. Bídà ṣubú kí oṣù náà tó parí. Àwọn ọmọ ogun Goldie tó nǹkan bí 500, àwọn alárùú tó ń ru ẹrù wọn sì pọ̀ jù wọ́n lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn alárùú yẹn ni mo kọ ìtàn kúkúrú lé lórí. Àpótí ọta ló wà lórí rẹ̀, ọrùn ń dùn ún, ẹnìkan ní Lọ́ńdọ̀nù sì ti sọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ lórúkọ, kò gbọ́. Mo fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí olóòtú kan. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní kí n kàn gbé Flora Shaw síwájú kí alárùú wà lẹ́yìn, torí orúkọ obìnrin náà ni àwọn òǹkàwé mọ̀. Mo dúpẹ́, mo sì gba ìtàn mi padà. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀nà tí alárùú yẹn rìn, òun náà là ń wọ mọ́tò gbà báyìí, nǹkan bí 80 kìlómítà láàárín Kàbà àti Lọ́kọ́ja. Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ti rí. Ìbẹ̀rù ajínigbé mú kí n fagi lé adágún Kampe lápá Ẹ̀jìbà, mo sì fi àwọn ibòmíràn ní Yàgbà sílẹ̀. Awakọ̀ tí mo máa ń bá lọ wí fún mi láìfepo boyọ̀ pé òun ò ní fi ẹ̀mí òun wá ewì. Kò sí àròjinlẹ̀ kankan tí mo lè fi bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìpinlẹ̀ tí oko ti ń di ibi ẹ̀rù, kò rọrùn láti ní kí àwọn ọmọ lọ jókòó sábẹ́ igi kọ̀wé.

Nítorí náà igi ilé ìwé ni a lò. Igi irú kan wà lẹ́yìn kíláàsì wa, inú ẹ̀ẹ̀rùn ló ń tanná: òdòdó pupa roboto, tó ń rọ̀ sísàlẹ̀ lórí ọ̀pá gígùn. Àdán ló ń wá lá oje rẹ̀ lóru, ibẹ̀ ni ó ti ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ láti orí igi kan dé òmíràn. Láìsí àdán, irú inú ọbẹ̀ wa á wọ́n. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ JSS 2, mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n wò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀pọ̀ kọ̀wé pé igi ń fún wa ní òjìji àti afẹ́fẹ́, bí ìwé ẹ̀kọ́ ti wí. Ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ kọ ìlà kan ṣoṣo: "Igi yìí, iṣẹ́ òru ló ń ṣe, àdán ni kọ́sítọ́mà rẹ̀." Mo fún un ní máàkì kíkún. Mo jowú díẹ̀ pẹ̀lú.

Lọ́dún tó ń bọ̀, Bùnú, àwọn ará Okun bíi tiwa, ló kàn, tí ọ̀nà bá gbà. Aṣọ ìpò ni mò ń lépa, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ fún òkú àwọn ẹni ńlá. Àwòrán rẹ̀ nìkan ni mo rí rí. Ẹ̀yin ará Bùnú tí ẹ bá ka èyí, tí ẹ bá ní màmá tàbí bàbá nílé tó lè jẹ́ kí n jókòó ti òun kí n fọwọ́ kan ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Màá mú ìwé àjákọ tuntun wá, màá sì mú obì dání.