Pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ẹ̀yìnkùlé: abẹ́ ilẹ̀ ló yẹ kí owó kọ́kọ́ wọlé sí

Bí ẹ bá rí pápá kọnkéré tó ti sán káàkiri lẹ́yìnkùlé ẹnì kan n'Ífẹ̀ tàbí n'Íléṣà, ẹ má tíì bá sìmẹ́ǹtì wí. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Ohun tí mo kọ́ nìyí, tí mo sì ń tẹnu mọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún àwọn ọmọ rẹ̀: òrùka àti ọ̀dà ni ojú ń rí, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé pápá dúró.

Lórí pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tí ilé ti wà níbẹ̀, ẹ má ro ti odindi pápá. Mítà 28 sí 15 ni, kò lè wọ ibẹ̀. Mítà 10 ní gígùn, 9 ní fífẹ̀, tó fún eré olórùka kan ṣoṣo. Ìlà àmì-mẹ́ta, ìyẹn ìlà tí ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba àmì mẹ́ta, tó jìnnà sí àárín òrùka ní mítà 6.75, yóò wọlé níwájú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò gé. Ẹ jẹ́ kí òrùka wà ní ìhà àríwá tàbí gúúsù. Bó bá wà níwọ̀-oòrùn, ìrọ̀lẹ́ gan-an tí àwọn ọmọ ráyè ṣeré ni oòrùn yóò máa wọ̀ wọ́n lójú.

Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, ẹ wádìí ibi tí sókàwéè àti ṣalángá àtijọ́ wà. Kọnkéré tó bá gun orí wọn yóò rì. Bó bá sì jẹ́ Ifẹ̀ lẹ wà, tí ẹ kan àpáàdì tí wọ́n tò ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́ tàbí ère, ẹ dúró, ẹ ké sí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́bàá ààfin. Níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ni wọ́n ti bá àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń da kọnkéré lé.

Ẹ kó ilẹ̀ dúdú kúrò, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle. Ẹ hú gbòǹgbò máńgòrò àti ilé ikán tán, nítorí bí wọ́n bá jẹrà, ihò ni wọ́n máa fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ilẹ̀ pupa sí i ní ìpele méjì, kí àpapọ̀ rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ fi ẹ̀rọ kì í ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un: bó bá dì láìro omi, ó ti tó kì. Bí omi bá ń jáde, ẹ dúró kó fẹ́. Tí ẹ bá ti kì í tán, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kárí. Ibi tó bá jìn, ẹ tún un ṣe.

Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà kan, kó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tó jìnnà sí ilé, kí gọ́tà sì gba omi náà. Lára ilẹ̀ pupa yìí ni kí ìdagẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ló máa ń tẹ́ ilẹ̀ ní ọgbọọgba, tí wọ́n á wá fi kọnkéré wá ìdagẹ̀rẹ̀. Apá kan á nípọn, apá kejì á fẹ́lẹ́, ibi tó fẹ́lẹ́ ló sì máa kọ́kọ́ sán.

Ẹ tẹ́ náílọ̀n, kí ẹ gbé wáyà BRC, ìyẹn àwọ̀n irin tó ń wà nínú kọnkéré, lé òkúta kéékèèké kó má bàa sùn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á máa fà á sókè bí òun ṣe ń da kọnkéré, ẹ má gbà fún un. Wáyà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò ran ojú pápá lọ́wọ́.

Àdàpọ̀ 1:2:4, ìyẹn sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, gíráníìtì mẹ́rin, ni mo fara mọ́, kó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Yóò jẹ bí àpò sìmẹ́ǹtì 57. Ẹ ra 60. Yanrìn bíi tọ́ọ̀nù 7, gíráníìtì bíi 12. Omi ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan fún àpò kan, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Bí yanrìn bá tutù, kó dín. Àwọn alágbàṣe fẹ́ kó ṣàn kí iṣẹ́ lè yá, ṣùgbọ́n omi tó pọ̀ jù á gbẹ lọ, á fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ojú pápá á sì máa yọ lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun.

Kọnkéré máa ń súnkì bó bá ń gbẹ. Bí ẹ kò bá yan ibi tí yóò ti sán fún un, yóò yan fúnra rẹ̀. Ẹ fi pákó pín pápá sí 9, bíi mítà 3 níbùú lóròó, kí ẹ máa da èyí tí kò fara kan ara wọn. Ẹ fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ kó tó le. Ojú tó bá ń dán yóò máa yọ̀ bí ilá lójò.

Ọyẹ́ dára torí kò sí òjò, ṣùgbọ́n atẹ́gùn rẹ̀ ń fa omi inú kọnkéré yọ kíákíá. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ dà á, kí ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ sì máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7.

Ti òpó, ìpìlẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: ihò mítà 0.9 sí 0.9, kó jìn ní 1.2, yóò jẹ bí àpò 6 tàbí 7 lọ́tọ̀. Ẹ̀yìn pápá ni kó wà, kí apá irin gbé pátákó tí òrùka wà lára rẹ̀ síwájú ní bíi mítà kan, kí ọmọ tó ń sáré má bàa forí gbá òpó. Mítà 3.05 ni òrùka gbọ́dọ̀ ga, láti ojú kọnkéré tó ti parí. Wẹ́dà tó bá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ pupa yóò fi sẹ̀ǹtímítà 10 kùnà.

Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ẹ da omi sí gbogbo ojú pápá, kí ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí kan. Ibi tí omi bá ṣì dúró, ẹ dí i kí ẹ tó kùn ún. Ọ̀dà gílọ́ọ̀sì kò dára rárá, ó ń yọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń fa ìlà ojú títì ni kí ẹ rà, kí ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5.