Obìnrin Mẹ́rin Lórí Aṣọ Kan: Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo pinnu pé obìnrin méjìlá tó la ọ̀nà fún àwọn ẹlòmíràn ni màá rán sórí quilt kan kó tó parí. Mẹ́rin ló pé, inú mi sì dùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀yin tí ẹ ò rán quilt rí, aṣọ ìbora onípele mẹ́ta ni: ègé aṣọ tí a rán pọ̀ lókè, òwú rírọ̀ láàárín, aṣọ mìíràn nísàlẹ̀, a ó wá fi abẹ́rẹ́ gún un já kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè di ọ̀kan. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá ojú Bessie Coleman, obìnrin awakọ̀ òfurufú, wọ̀yá ìjà. Mo rán imú, mo tú u. Mo rán ètè, mo tú u. Ojú ẹlòmíràn ló ń jáde ṣáá.

Harriet Powers, obìnrin tó ń rán quilt, ló yọ mí. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1837. Quilt rẹ̀ kan wà ní Smithsonian, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Washington, èkejì wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Boston. Mo tẹjú mọ́ àwòrán èyí tó wà ní Boston títí: Jóòbù ń gbàdúrà, wọ́n ń ju Jónà sómi. Bí òjìji làwọn èèyàn náà rí, síbẹ̀ ìṣesí ara wọn ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọwọ́ ṣẹ́ ẹ lọ́dún 1891, dọ́là márùn-ún ló ta quilt àkọ́kọ́. Ó sì ń padà lọ wò ó nílé ẹni tó rà á. Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á, torí mo mọ ohun tó wà nínú aṣọ tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan ni mò ń wá, kì í ṣe ojú rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà kò gba Bessie, torí ó jẹ́ obìnrin, ó tún jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ó kọ́ èdè Faransé, ó lọ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Faransé lọ́dún 1921. Nítorí náà, ìwé èdè ni mo fi sí i lọ́wọ́, lábẹ́ apá ọkọ̀ òfurufú. Wangari Maathai, ọmọ Kenya tó gbin igi káàkiri, di irúgbìn mú. Marie Curie, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣàwárí radium, èròjà tó ń tàn nínú òkùnkùn, ní ìgò tó ń tàn.

Ti Valentina Tereshkova ni mo fẹ́ràn jù. Iléeṣẹ́ ìhunṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ kó tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó lọ sí gbalasa òfurufú lọ́dún 1963, ó sì tún máa ń fi parachute, agboòrùn ńlá tí a fi ń bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú, fò. Òwú funfun kan ṣoṣo ni mo fà láti ẹ̀rọ ìhunṣọ, ó di okùn parachute, ó kọjá lọ sáàárín ìràwọ̀. N kò já a.

Ida B. Wells, akọ̀ròyìn, ló kàn. Wọ́n ní kó dìde lórí ìjókòó tó sanwó fún nínú ọkọ̀ ojú irin, ó kọ̀. Mo ti gé ìjókòó náà, aṣọ pupa ni mo lò.