Wọ́n ti mú àbúrò mi o!

Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi! Àná la wà nílé l'Ágbowó, àbúrò mi obìnrin kàn figbe ta, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti mú mi!", mo gba fóònù wò, lẹ́tà láti ICTP ni, ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí máàsì àti físíìsì ní Trieste nílẹ̀ Ítálì, wọ́n ní kó wá ṣe dípúlómà ọdún kan, kò ní sanwó iléèwé, wọ́n á tún máa fún un lówó tó máa ná.

Màámi ní ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Mo ní Màámi, iṣẹ́ orí ló pọ̀ jù níbẹ̀ o, wọ́n á kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á jiyàn ẹ̀, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un kọ.

Ẹni tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1964 ni mo fẹ́ràn jù, Abdus Salam, ọmọ Pakistan. Ó kàwé ní Cambridge, ó padà sílé lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Lahore, àmọ́ kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ físíìsì, bó ṣe tún padà sí Ìlú Ọba nìyẹn, ó sì dùn ún gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí ibì kan wà táwọn ọmọ ilẹ̀ bíi tiwa á ti máa lọ gba ìmọ̀ tuntun, kí wọ́n sì lè padà sílé wọn. Ó gba Nobel, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn onímọ̀ káàkiri ayé, ní 1979.

Màámi ti ń bèèrè ẹni tó ní èlùbọ́ tó dáa ní Bódìjà. Físà ló kù báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàdúrà ràn wá lọ́wọ́.