Bàbá ní kí n ya eyín rélùwéè wá: bí a ṣe gun Mount Washington

Ẹni tó bá ń gbé Massachusetts, tó sì fẹ́ rí òkè gidi, àríwá ló máa dojú kọ. Láti Worcester tí à ń gbé, a wa mọ́tò wọ New Hampshire títí a fi dé Bretton Woods. Àwọn àgbà wa mọ orúkọ yẹn bí wọn ò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí. Ní July 1944, nínú hòtẹ́ẹ̀lì funfun ńlá kan níbẹ̀, Mount Washington Hotel, ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 44 ti jókòó dá IMF àti Báńkì Àgbáyé sílẹ̀. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la ṣì wà. Ìyàwó mi wo òrùlé pupa hòtẹ́ẹ̀lì náà láti ojú ọ̀nà, ó ní, "Ṣé ibí ni SAP ti wá nìyẹn?" Mo ní rárá o, 1986 ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, nígbà Babangida, àmọ́ ibí ni wọ́n bí ìyá ẹ̀ sí.

Nítorí rélùwéè la ṣe lọ síbẹ̀ ní tiwa, ìyẹn Mount Washington Cog Railway, rélùwéè eléyín tó ń gun òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,288. Sylvester Marsh ló ronú ẹ̀, ọmọ New Hampshire tó ti lọ rí ṣe ní Chicago kó tó padà wálé. Ní 1857, ó ń fẹsẹ̀ gun òkè yìí ni ìjì ká a mọ́ orí ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó kú síbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní ó yẹ kí ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ wà. Nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ẹ̀ ní 1858, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹnì kan ní kí wọ́n kúkú fún un láṣẹ kó la réèlì dé òṣùpá. Wọ́n fún un láṣẹ lóòótọ́, torí kò sẹ́ni tó rò pé ó máa rí i ṣe. Ní July 3, 1869, ọkọ̀ dé orí òkè. Kò tíì sí rélùwéè eléyín kan lágbàáyé tó gun òkè ṣáájú ẹ̀. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e ni Ààrẹ Ulysses Grant wá wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ní July 1969, ènìyàn dé òṣùpá náà, àmọ́ kì í ṣe rélùwéè ló gbé wọn lọ.

Bàbá mi ni mo ń rò nígbà tí mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe ní Ìbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù pé a fẹ́ lọ gun òkè yìí. Wọn ò béèrè bóyá ibẹ̀ rẹwà. Wọ́n ní, "Kí ló máa di ọkọ̀ náà mú tí ò fi ní yọ̀ padà?" Mo ní eyín ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Fọ́tò eyín yẹn ni kó o yà wá fún mi. Má wulẹ̀ ya igi."

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rélùwéè mọ̀ pé irin lórí irin a máa yọ̀. Ìdí nìyí tí rélùwéè tí a mọ̀ fi ń wá ibi tó tẹ́jú, tó ń yí òkè po. Èyí gun òkè tààrà ni. Láàárín réèlì méjèèjì ni irin kẹta wà, tí wọ́n to ọ̀pá róbótó sí láàárín bí àkàbà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni àgbá eléyín wà: eyín kan á bọ́ sẹ́yìn ọ̀pá kan, á tì í, òmíràn á ti wọlé. Tí ọkọ̀ náà bá rìn síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà 100, á ti gòkè ní nǹkan bíi 25. Níbi tó le jù, tí wọ́n ń pè ní Jacob's Ladder, ìyẹn Àkàsọ̀ Jákọ́bù, ó lé ní 37.

Kò rọrùn láti ya eyín yìí, torí inú ọ̀gbun abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wà. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wà ní ìsàlẹ̀ òkè níbi tí wọ́n gbé e sí fún àwọn èèyàn láti wò. Old Peppersass ni wọ́n ń pè é, nítorí bọ́ílà rẹ̀ tó dúró lóòró jọ ìgò ata. Mo nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ti fóònù bọ abẹ́ ẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ò tíì rí ọmọ Yorùbá tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì rí.

Ọkọ̀ èédú la yàn. Láti 2008 ni àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń lo biodiesel, irú dísù kan, ti wà níbẹ̀, àwọn ló sì pọ̀ jù báyìí, wọn kì í sì í yọ èéfín tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló máa ya ìyẹn fún Bàbá? Ẹ́ńjìnnì èédú á jẹ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan èédú, á mu nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 1,000 omi, ní àlọ àti àbọ̀ ẹyọ kan. Ẹ wo bọ́ílà náà nígbà tó dúró ní ibi títẹ́jú: ó tẹ orí ba síwájú ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí omi inú ẹ̀ lè tẹ́jú tó bá ń gùnkè. Nígbà tó fọn fèrè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fàkàfíkì, Tọ́ní ọmọ wa dì mọ́ mi. Èérí èédú ń bà sára wa láti ojú fèrèsé. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun, kó má bínú.

Ibi tí fóònù ti ń purọ́ nìyí. Nínú kọ́ọ̀ṣì, ojú á gba ìjókòó àti fèrèsé gẹ́gẹ́ bí ohun tó tẹ́jú. Tó o bá gbé fóònù bá etí fèrèsé dọ́gba, igi ìta ló máa dà bíi pé ó fẹ́ wó, ilé náà á dagun. Nígbà tí mo fi èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp, àǹtí mi kan ní, "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tètè wó ilé yẹn, kó má pa èèyàn." Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni ìgò omi tí a mu kù. Mo gbé e sí etí fèrèsé, mo ya òun náà mọ́ ọn. Omi kì í purọ́: bí ọkọ̀ ti ń gòkè, ojú omi dagun nínú ìgò, gbogbo ẹni tó wò ó sì mọ̀ pé kọ́ọ̀ṣì ló dagun. Lórí Àkàsọ̀ Jákọ́bù, ẹni tó jókòó níwájú ga ju ẹni ẹ̀yìn lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 14.

Orí réèlì yìí ni ayàwòrán kan kú sí. Ní July 1929, wọ́n tún Old Peppersass ṣe, wọ́n gbé e gun òkè fún ayẹyẹ. Bó ti ń sọ̀ bọ̀ ni nǹkan ṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀, eyín ò di réèlì mú mọ́, ó sì sáré já wálẹ̀. Àwọn yòókù tó wà lórí ẹ̀ bọ́ nínú ewu. Daniel Rossiter, ayàwòrán láti Boston, ni kò yè é. Mo ti ya Old Peppersass nínú fídíò kí n tó ka ìtàn yìí lára ògiri. Mo ya eyín náà lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ojú mìíràn.

Igi ń kúrú sí i bí a ti ń gòkè, títí kò fi ju orúnkún lọ, lẹ́yìn náà òkúta nìkan. Nítòsí orí òkè ni ọ̀nà Appalachian Trail ti gba ẹ̀bá réèlì kọjá, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ sì ní àṣà kan: tí rélùwéè bá ń bọ̀, wọ́n á kẹ̀yìn sí i, wọ́n á bọ́ ṣòkòtò. A rí tiwa. Ìyàwó mi fọwọ́ bo ojú Tọ́ní, fóònù mi ṣì ń ká a lọ. Mo gé ibẹ̀ kúrò kó tó dé Ìbàdàn.

Ẹ má tàn ara yín pé sọ́mà ni. Ẹ mú kóòtù dání. Ní April 12, 1934, àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ lórí òkè yìí wọn atẹ́gùn tó ń sáré máìlì 231 láàárín wákàtí kan. Kò sí atẹ́gùn tí ẹ̀rọ wọ̀n tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ níbikíbi títí di 1996, tí ìjì kan ní Barrow Island, ní Australia, fi kọjá rẹ̀ pẹ̀lú 253. Ilé kan wà lórí òkè náà tí wọ́n fi ṣéènì dè mọ́lẹ̀. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀ lọ́jọ́ tiwa, ó kàn ṣí fẹ́ẹ́ ni, a rí òkè lórí òkè, ó tún pa dé. Atẹ́gùn gbé ohùn gbogbo wa lọ nínú fídíò àfi ibi tí mo ti fi ìbọ̀sẹ̀ Tọ́ní bo ẹnu fóònù.

Níbi tí a ti ń sọ̀, mo ya ọkùnrin tó ń yí bíréèkì kọ́ọ̀ṣì. Wọn ò so kọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Tó bá ń gùn, ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀, ó ń tì í. Tó bá ń sọ̀, ẹ́ńjìnnì ló ṣáájú, bíréèkì kọ́ọ̀ṣì sì wà lọ́tọ̀. Fídíò yìí ni Bàbá wò tí wọ́n tún un wò. Àwọn ará ilé ń béèrè kùrukùru, wọ́n ń béèrè ohun tí a jẹ lókè. Bàbá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́tọ̀.

"Ọkùnrin bíréèkì yẹn mọṣẹ́. Wo bó ṣe ń fọwọ́ gbọ́ ọ kó tó yí i. Ṣé kò sí rélùwéè tí òkè tiẹ̀ le jù ú lọ?"

Mo ní, "Ó wà, Bàbá. Pilatus ní Switzerland, wọ́n ṣí i ní 1889. Nínú ẹsẹ̀ bàtà 100, ó ń gòkè tó 48 níbi tó le jù."

"Ìgbà wo lẹ̀ ń lọ?"