Mo fẹ́ bí èyí fúnra mi: bébà kan ṣoṣo tó wà nínú àpò mi

Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 36 lánàá. Àpò ọsibítù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, aṣọ ọmọ wà nínú ẹ̀, tèmi náà wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tó jọ mí lójú jù nínú àpò yẹn kì í ṣe aṣọ o, bébà kan ni, mo fi ọ̀rá wé e kí omi má bàa kàn án. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe dọ́wọ́ mi.

Àkọ́bí mi, ọpẹréṣọ̀n ni wọ́n fi gbé e. Ńṣe ló fìdí jókòó sínú mi, kò dorí kodò títí oyún fi pé, dókítà ní ká má fi ṣeré, mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n gbé e jáde, ó ké, ayọ̀ mi kún. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀ rí. Ẹni tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún, ó bímọ, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ohun mìíràn fún yín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tún lóyún báyìí, kí n tó la ẹnu ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi, àǹtí mi kan ní "ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti là lẹ́ẹ̀kan, lílà náà ni wọ́n á máa là á lọ". Mo dákẹ́ torí àgbà ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí mo fẹ́ bí èyí lójú ara, láìsí abẹ.

Mo wá ìdí ẹ̀ lọ. Dókítà kan tó ń jẹ́ Edwin Cragin ló sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní New York lọ́dún 1916, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà ayé tiẹ̀, lóòró ni wọ́n sábà máa ń gé ilé ọmọ, lápá òkè, níbi tí iṣan ti nípọn tó sì ń fà jù nígbà ìrọbí, ìyẹn ni ojú ọgbẹ́ fi lè ya. Láyé òde òní, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà ń gé, níbùú, ibẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í fà tó òkè. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì pátápátá. Ẹni tó bá ní ojú àpá kan ṣoṣo, níbùú nísàlẹ̀, tó wá rọbí, bíi ẹnì kan nínú igba ni ojú àpá ẹ̀ ń ya. Tó bá jẹ́ òkè lóòró ni, ewu yẹn pọ̀ gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn dókítà ò sì ní gbà kó gbìyànjú láti bí lójú ara. Nínú 100 obìnrin tó gbìyànjú, bíi 60 sí 80 ló ń bí lójú ara. Ẹni tó ti bí lójú ara rí ni tiẹ̀ máa ń dáa jù, mi ò tíì ṣe ìyẹn rí, ṣùgbọ́n torí pé ìdí lọmọ fi jókòó ni wọ́n ṣe là mí nígbà yẹn, kì í ṣe pé mo rọbí títí ọmọ ò gbà á já, dókítà ní ìyẹn náà gbè mí. Ọmọ mi sì ti pé ọdún mẹ́ta, ìyẹn náà dáa, torí tí ìbímọ méjì ò bá tó oṣù 18 síra, ewu kí ojú àpá ya máa ń lé sí i.

Ibi tí mo ti ṣìnà rèé o. Ojú àpá tèmi wà nísàlẹ̀ ikùn, ó lọ níbùú gbọnrangandan, níbi tí okùn pátá ń gbà, ni mo bá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo gbé aṣọ sókè fún ìyá agbẹ̀bí tó ń rí sí mi, mo ní "Ma, ẹ wò ó, níbùú ni." Kò tiẹ̀ wò ó. Ó ní "Màmá, awọ lẹ ń fi hàn mí un, ilé ọmọ ni mo ń bi yín." Wọ́n lè gé awọ níbùú kí wọ́n dé inú kí wọ́n gé ilé ọmọ lóòró, pàápàá tí ọmọ ò bá tíì gbó tàbí tó bá gbé ara ẹ̀ dábùú. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn nìkan ló mọ̀, inú fáìlì ni wọ́n sì kọ ọ́ sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ wá fáìlì yẹn ní ọsibítù tí wọ́n ti là mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n ní fáìlì ò sí, lọ́jọ́ kejì wọ́n ní ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ò wá, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n fà á yọ látìsàlẹ̀ àwọn tó kù. Ojú ìwé àkọ́kọ́ tí mo ṣí, sáìnì èmi fúnra mi ni mo rí, ó wọ́ gbágungbàgun torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Mo gbàgbé pé ẹ̀rù bà mí tó yẹn. Ọkọ mi ló bá mi ka ti dókítà: ìsàlẹ̀ ilé ọmọ, níbùú, ìpele méjì ni wọ́n rán an, ibi tí wọ́n gé ò fàya kọjá bó ṣe yẹ. Ohun tí dókítà kọ yẹn ló wà lórí bébà inú àpò mi. Mo kàn ń sunkún níbẹ̀ ni, àwọn èèyàn ń wò mí.

Àtìgbà yẹn ni ìmúra gidi ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní bímọ sílé, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ojú àpá nílò ibi tí tíátà ti ṣí tọ̀sán-tòru, tí ẹ̀jẹ̀ wà, tí ẹni tó ń kun èèyàn lóorun wà nítòsí. Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: "Tó bá jẹ́ aago méjì òru ńkọ́?" Mo dúró gbọ́ èsì. Wọ́n ní àwọn á fi ẹ̀rọ gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù látìgbà tí ìrọbí bá ti múlẹ̀, kò ní dáwọ́ dúró, torí tí ojú àpá bá ń ya, kí ìyá tó mọ nǹkan kan lára, ọkàn ọmọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà. Ìrora tí kò lọ nígbà tí ìrọbí bá dẹ̀, ẹ̀jẹ̀, orí ọmọ tó ti ń sọ̀ tó wá padà sókè, ẹ má dúró wo ìyẹn o. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìrora ò burú, wọ́n lè fún yín.

Ohun tí mo kọ̀ jálẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fún mi ní oògùn misoprostol láti fi ti ọmọ jáde, ó lè mú ojú àpá ya. Drip tó ń mú ìrọbí le náà, dókítà nìkan ló lè pinnu ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lójú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣòro fún mi láti gbọ́. Ẹni tó bá gbìyànjú tí kò bọ́ sí i, tí wọ́n wá sáré gbé e wọ tíátà láàárín ìrọbí, tiẹ̀ máa ń le ju ti ẹni tó dá ọjọ́ ọpẹréṣọ̀n, ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀, ọgbẹ́ lè kẹ̀. Mo rò ó fún ọ̀pọ̀ òru. Ohun tó jẹ́ kí n ṣì dúró lórí ẹ̀ ni pé mo ṣì fẹ́ ọmọ sí i, bí iṣẹ́ abẹ bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu kí ibi ọmọ lẹ̀ mọ́ ojú àpá ń pọ̀ sí i, tí kò ní fẹ́ jáde. Skáànù ti fi hàn pé ti èyí jìnnà síbẹ̀, òkè ló wà. Èmi àti ọkọ mi ti fẹnu kò, mo sì ní kó tún un sọ fún mi létí: tí dókítà bá ti ní ó tó, kò ní bẹ̀bẹ̀ fún àkókò sí i nítorí tèmi, ká ṣáà gbóhùn ìyá ká gbóhùn ọmọ.

Mo ń rìn ní ìrọ̀lẹ́, mo ń sùn nígbà tí mo bá lè sùn. Lálẹ́ àná mo fọwọ́ lé ojú àpá náà, ó ti nà, ó dán, bí mo ṣe ń fọwọ́ rà á lọ́wọ́ nǹkan líle kan rọra yí lábẹ́ ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá orí ni àbí ìdí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá agbẹ̀bí máa yẹ̀ ẹ́ wò.