Ohun Tí Ọ̀wọ́n Epo Kọ́ Mi Nínú Iṣẹ́ Ìmòòkùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìmòòkùn jẹun, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn tí ẹ ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń mí lábẹ́ omi, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn fún yín bí nǹkan ṣe rí láti ọdún 2023, ojú gbogbo wa ló ṣe. Kò sí ohun èlò wa kan tí kì í ṣe òkè òkun ló ti ń wá, títí kan rọ́bà kékeré tó ń dí ẹnu sìlíńdà. Ìwé ẹ̀rí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà, dọ́là la fi ń san án. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún yẹn, báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan tí báńkì ń kà sí nǹkan bí 470 náírà ti kọjá 1,500. Owó tó ń ra odindi fíltà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí tẹ́lẹ̀ kò ra ìdajì rẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ń kọ́ ìmòòkùn fún fàájì ló kọ́kọ́ lọ. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó ń ṣírò owó ìrẹsì lójú àlá kò ní sanwó torí pé ó fẹ́ lọ wo ẹja. Àwọn ilé iṣẹ́ tó máa ń kó òṣìṣẹ́ wá ṣeré lópin ọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó nífẹ̀ẹ́ sí i gan-an, tí wọn ì bá dúró tì mí, wọ́n jápa. Hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ń lo púùlù wọn fi owó kún owó, wọ́n ní iná ti wọ́n, dísù tí jẹ́ńẹ́rétọ̀ ń mu ti wọ́n, òótọ́ sì ni.

Oṣù kejì 2024 yẹn ni ọ̀bẹ dé egungun. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ mi, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà, bẹ̀rẹ̀ sí í ha gbàrà-gbàrà, kò lè ti afẹ́fẹ́ dé ìwọ̀n ìtẹ̀ báà 200 mọ́, 120 ló ń dúró sí. Ìyá kan ti san àsansílẹ̀ fún ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì ti fi owó náà ra dísù. Nígbà tí mo sọ fún un pé kò ní ṣeé ṣe, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò bú mi. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà, mo fẹ́ fi kún owó ilé ìwé ni.” Èébú ì bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ránṣẹ́ pe bàbá kan tó ń ra irin àlòkù ládùúgbò wa. Ó gbé òṣùwọ̀n oníkọ̀ọ́ rẹ̀ wá. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ kan àwọn sìlíńdà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń dún. Ó ní, “Ọmọ mi, àlùmíníọ́ọ̀mù tó dáa nìyí.” Ó so ọ̀kan kọ́, ó lé díẹ̀ ní kílò mẹ́rìnlá. Ó wá nawọ́ sí ẹnu rẹ̀, ó ní kí n tú ìyẹn kúrò, idẹ ni, owó idẹ yàtọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnìkan ò lè tú ẹnu sìlíńdà tí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀. Mo bá ṣí i. Ó ń ṣe ṣìì, ó ń ṣe ṣìì, kò tètè tán. Ẹnu rẹ̀ tutù mọ́ mi lọ́wọ́, ìrì bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sí i lára. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ dìde, kò wí nǹkan kan, ó bọ́ síta. Afẹ́fẹ́ tí mo fi dísù ọlọ́wọ́n gógó tì sínú rẹ̀ ni mò ń tú dà sínú yàrá, kí n lè ta ara rẹ̀ ní kílò-kílò.

Ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí lè ní kí ló dé tí mò ń sọ̀rọ̀ sìlíńdà bí ẹni sọ̀rọ̀ ọmọ. Ọdọọdún la ń yẹ inú rẹ̀ wò, ọdún márùn-ún márùn-ún la ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò ńlá, a kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ tán kí omi má baà ráyè wọ̀ ọ́. Ohun tí mo fi ẹnu mi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń fi ọwọ́ mi tú palẹ̀. Mi ò sunkún lójú bàbá yẹn. Nígbà tó lọ tán ni mo jókòó sílẹ̀, tí mo sunkún dé ibi tí orí fi ń fọ́ mi. Àwọn tí ọjọ́ àyẹ̀wò wọn ti kọjá ni mo tà fún un, owó náà ni mo fi san ti ìyá àwọn ọmọ yẹn. Kò ṣẹ́ kù.

Ohun tó gbé mi dìde kò gùn ún sọ. Kápítéènì ọkọ̀ ojú omi kan tí mo mọ̀ ní Ìkòyí pè mí pé àwọ̀n ti lọ́ mọ́ pùròpẹ́là òun, ọ̀gá òun sì fẹ́ lọ gbafẹ́ ní etíkun Ìlàshẹ̀. Mo lọ. Ẹ mọ omi ọ̀sà wa, ojú ò ríran níbẹ̀, ọwọ́ la fi ń ríran. Bí mo ṣe ń gé àwọ̀n yẹn ni ọwọ́ mi kan ìdí ọkọ̀ náà, ìkarahun kéékèèké ti bò ó bámúbámú, ó ń ya ibọ̀wọ́ mi. Mo sọ fún kápítéènì pé ohun tó ń mu epo yín nìyí. Wọ́n ní kí n ha á dànù. Nígbà tí wọ́n ti Ìlàshẹ̀ dé, ó pè mí, ó ní, “Àǹtí, jẹ́ríkáànù epo kan ṣẹ́ kù tí a ò fọwọ́ kàn.” Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ ní jẹ́tì, ìyẹn náà pè mí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, títí tí iṣẹ́ náà fi gba ọmọ iṣẹ́ kún ọmọ iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ, tí ẹ kò bá tiẹ̀ mú òmíràn: iṣẹ́ fàájì ló máa ń kọ́kọ́ kú nígbà tí nǹkan bá le, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń dín ìnáwó ẹlòmíràn kù, bí nǹkan ṣe ń le ló ń pọ̀. Ọ̀wọ́n epo tó lé akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ, òun náà ló lé ọlọ́kọ̀ wá bá mi. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́, lítà epo kan kò tó 200 náírà, ta ló fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ ìdí ọkọ̀? Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024 tí lítà kan ń sún mọ́ 1,000, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń béèrè pé ìgbà wo ni mo tún ń bọ̀. Ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ń jẹ́ kí omi fa ọkọ̀ sẹ́yìn, injínì á máa tiraka, epo á máa jó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gba ìpolówó ńlá, ọ̀rọ̀ epo ni kí ẹ bá wọn sọ, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ ìmòòkùn rárá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní iṣẹ́ yẹn rẹlẹ̀ fún olùkọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ lójú mi. Àwọn kan náà ló máa ń ní ìmòòkùn kì í ṣe iṣẹ́ wa, pé ti òyìnbó ni. Ẹ lọ sí etí ọ̀sà, ẹ wo àwọn tó ń wa yanrìn, garawa lásán ni wọ́n ń gbé wọlé dé ìsàlẹ̀, kò sí sìlíńdà, kò sí gíláàsì ojú. Méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti rí wọn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó wọn nínú omi dúdú. Harrison Okene tó wà nínú ọkọ̀ tó rì ní òkun wa lọ́dún 2013, tó lo nǹkan bí wákàtí 60 lábẹ́ omi kí wọ́n tó yọ ọ́, òun náà padà lọ kọ́ iṣẹ́ ìmòòkùn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó ń ha ìdí ọkọ̀. Òun ló ń san owó púùlù tí mo fi ń kọ́ni báyìí. Àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn kan náà ló sì ń fi ọmọ wọn ránṣẹ́ sí mi láti kọ́ṣẹ́, nítorí wọ́n ti rí mi lẹ́nu iṣẹ́. Ìpolówó kankan ò bá mi mú wọn wá.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ gba àsansílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìwé pé iye owó tí ẹ sọ kò ní dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ má dín owó kù kí àwọn oní-fàájì lè padà wá, wọn ò ní owó ni, ẹ̀dínwó ò ní fún wọn lówó. Owó èlé báńkì ńkọ́? Ní ìparí 2024, báńkì àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ti gbé òdiwọ̀n èlé dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí báńkì tìẹ tó fi tirẹ̀ lé e. Mi ò sún mọ́ ọn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ la da owó pọ̀ tún kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ṣe, à ń lò ó pọ̀ di òní. Tẹ́lẹ̀, a máa ń du oníbàárà mọ́ ara wa lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kì í ti í ṣúnwó ná, afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ mi bà jẹ́, ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ máa lo ti àwọn fọ́kanáísà. Mo ní rárá. Afẹ́fẹ́ táyà kì í ṣe ohun tí à ń mí, òróró wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni èéfín jẹ́ńẹ́rétọ̀. Gáàsì olóró inú rẹ̀ kò ní òórùn, bí ẹnu kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bá kọjú sí i, ó ti wọ sìlíńdà nìyẹn. Ní mítà 10 péré, ìtẹ̀ tó wà lára ẹni ti di ìlọ́po méjì, ohun tí ì bá fọ́ni lórí lókè lè dáni kú sísàlẹ̀. Ẹ pààrọ̀ fíltà lásìkò, ì báà jẹ́ ẹ ò jẹ ẹran. Ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni tí kọ́kọ́rọ́ injínì kò bá sí lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ yín tó dúró sókè. Mo ti bá kápítéènì jà lórí èyí, mo máa tún jà.

Ẹ fi àsìkò sọ́kàn. Lásìkò òjò, omi odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ń ya wọ ọ̀sà, omi náà kì í níyọ̀ púpọ̀, ìkarahun ò fi bẹ́ẹ̀ hù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí iyọ̀ òkun padà dé, ni wọ́n ń bo ìdí ọkọ̀. Inú ẹ̀ẹ̀rùn yìí kan náà, lóṣù kejìlá, ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń múra àtilọ sí etíkun Ìlàshẹ̀ àti Tàkwá Bay. Láti oṣù kọkànlá ni kí ẹ ti máa pe àwọn kápítéènì. Kápítéènì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè o, kì í ṣe ọ̀gá wọn, nítorí òun ló ń ra epo.