Láti ọgbà Kew dé Tasmania: igi kan, ẹranko kan

Nínú ọgbà ìtọ́jú ẹranko kan lẹ́bàá Hobart, ní erékùṣù Tasmania ní Australia, níbi tí mo ti ń wo ẹranko tí wọ́n ń pè ní Tasmanian devil, igi kan tí mo ti rí ní Lọ́ńdọ̀nù ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Encephalartos woodii lorúkọ igi náà. Inú Temperate House, ilé onígíláàsì ńlá tó wà ní ọgbà Kew, ló wà. Bí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ ó pè é ní ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀pẹ rárá. Ọdún 1895 ni John Medley Wood, onímọ̀ nípa ewéko, rí i nínú igbó Ngoye, ní South Africa: ìdí kan ṣoṣo, akọ sì ni. Wọ́n gbé apá kan rẹ̀ wá sí Kew ní 1899. Títí dòní, kò sẹ́ni tó tún rí òmíràn nínú igbó. Gbogbo èyí tó wà nínú àwọn ọgbà káàkiri ayé, ara ìdí yẹn ni wọ́n ti yà wọ́n, bí a ṣe ń ya ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní 2004, ti Kew yọ kóònù rẹ̀ àkọ́kọ́ (ohun tí irú igi yìí ń yọ dípò òdòdó), lẹ́búlẹ́bú tó yẹ kó sọ abo di ọlọ́mọ kún inú rẹ̀. Abo wo? Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ti Tasmanian devil yàtọ̀. Ẹranko dúdú yìí, tó ń gbé ọmọ sínú àpò ara bíi ti kangaroo, kò yàgàn. Ó lè bí ọmọ 20 sí 30 lẹ́ẹ̀kan, kò sí èyí tó wọn gíráàmù kan nínú wọn. Ọmú mẹ́rin péré ló wà nínú àpò náà. Èyí tí kò bá rí ọmú mú, ó kú nìyẹn.

Àrùn ló ń pa wọ́n run. Ní 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kókó lójú wọn: jẹjẹrẹ tó ń ràn. Bí wọ́n bá bu ara wọn jẹ nídìí oúnjẹ tàbí nígbà tí wọ́n ń gùn, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á bọ́ sára ẹlòmíràn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: ara abo kan ṣoṣo ni jẹjẹrẹ náà ti bẹ̀rẹ̀. Abo yẹn ti kú tipẹ́, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì ń dàgbà lójú àwọn tó kù. Ara kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo àwọn igi yẹn, ara kan ṣoṣo náà ló sì ń pa àwọn ẹranko yìí.

Kí àrùn náà má baà ran gbogbo wọn, wọ́n kó àwọn tí ara wọn dá lọ sí Maria Island, erékùṣù kékeré kan lẹ́bàá Tasmania, ní 2012. Wọ́n bí sí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ àwọn ẹyẹ penguin ibẹ̀ tán. Ó dùn mí, síbẹ̀ n kò lè sọ pé kí wọ́n má kó wọn lọ.

Ní ti igi náà, ní 2024 àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Southampton sọ pé àwọn ń fi dúróònù wá abo nínú igbó Ngoye. Díẹ̀ ni wọ́n tíì yẹ̀ wò nígbà náà nínú igbó ọ̀hún. Ibẹ̀ ni mo ń tọ́jú owó láti lọ báyìí.